Ọ̀fun Mi àti Etí Màmá

Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Mo jí, mo gbé itọ́ mì, ó dà bíi pé eegun ẹja há mi lọ́fun. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹja tí mo jẹ. Ọ̀gá Ilé — ọkọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ — ní ìyẹ̀fun ló fà á. Ó ní ẹni tó bá ń mí eruku ìyẹ̀fun sínú lójoojúmọ́ bíi tèmi, ọjọ́ kan ni búrẹ́dì máa wú sí i lọ́fun. Ó rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí ó ń dùn mí.

Omi iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Irùngbọ̀n pè lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun tó wọlé. (Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń pè é. Ìwé yìí kì í ṣe ojú rẹ̀.) Ó ní ìpàdé àwa ọmọ ti di Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún, nílé Màmá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: kí Màmá kó kúrò nílé wọn, kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó ní etí wọn ti di. Ó ní bí òun bá ń wí nípa ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n fi ń dá òun lóhùn, àti pé kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dá gbé. Mo ní etí wọn wúwo díẹ̀ ni. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ kì í ní ìṣòro. Mo ní kó jẹ́ kí ọjọ́ ìpàdé pé, ohunkóhun tí Màmá bá fẹ́ sọ, ẹnu mi ló ti máa gbọ́ ọ.

Tagbáratagbára ni mo fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 3

Oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ohùn mi ti nípọn. Àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ń pè mí ní "Bọ̀dá wa." Ẹ máa ṣe é lọ.

Ọjọ́rú, 4

Láti ibi iṣẹ́ mo yà sọ́dọ̀ Màmá, bí mo ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Wọ́n wà lórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé, èmi lórí àpótí kékeré níwájú wọn, orúnkún kan orúnkún. Mo bẹ̀rẹ̀: ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ ti lo oògùn? Igbe ni o. Nígbà tí mo ń jáde, obìnrin aránṣọ tó ń gbé lódìkejì ògiri kí mi, ó ní ṣé ẹsẹ̀ ọkọ mi ti ń san. Èmi ò sọ fún aránṣọ rí pé ẹsẹ̀ ń dun ọkọ mi. Màmá ni mo sọ fún.

Ṣùgbọ́n Màmá gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, kò sí àṣìgbọ́ kankan. Ohun tí mo máa ń sọ fún Irùngbọ̀n nìyẹn: kó jókòó níwájú wọn, kó fi sùúrù pariwo. Dípò bẹ́ẹ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, á máa kùn nínú irùngbọ̀n. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn?

Mo tún bi Màmá léèrè, kí ọkàn mi lè balẹ̀: "Ẹ ò fẹ́ kúrò nílé yín, àbí?" Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Níbo ni kí n lọ?" Mo ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fi máa délé, ọ̀fun mi ń ta mí bí ata.

Ẹtì, 6

Kò sàn. Mo kórìíra oyin báyìí.

Àbámẹ́ta, 7

Òní ló yẹ kí èmi àti Ọ̀gá Ilé lọ kí àbúrò rẹ̀ ní ilé tuntun tó kó sí. Mo ti lọ aṣọ sílẹ̀ láti àná. Mo jí, mo ní "ẹ káàárọ̀," afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó dá nìkan lọ. Mo jókòó ti aṣọ tí mo lọ̀, mo gbé tíì lọ́wọ́.

Gbogbo ayé ti di dókítà. Ọ̀kan ní kí n jẹ atalẹ̀ ní tútù. Òmíràn ní kí n máa fi orí bo ooru omi gbígbóná. Ìyàwó ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní kí n fi aṣọ wé ọrùn. Mo wé e, àwọn èèyàn bá ń bi mí bóyá ọrùn mi ló rọ́.

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà pè — àbúrò wa obìnrin, ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ ọwọ́ kan ń sùn ní yàrá kejì. Lónìí, àwa méjèèjì dọ́gba, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹnì kejì. Ohun tí mo rí dì mú ni pé Irùngbọ̀n ti kun yàrá kan sílẹ̀ fún Màmá, àti pé Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fúnra rẹ̀ kò mọ ẹ̀yìn ẹni tí òun máa wà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìkan ni Màmá máa ń gbọ́. Ohun tí ẹ bá ti wí náà ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú. Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi.

Ajé, 9

Dókítà. Ọmọkùnrin tí ojú rẹ̀ dà bíi ti àgbà. Ó tan iná sí mi lọ́fun, ó ní kí n ṣe "áà." Ohun tó jáde kò jọ "áà." Ó ní kò sí àrùn burúkú níbẹ̀, àmọ́ ibi tí ohùn ti ń jáde ti wú, ó sì ti pọ́n. Ó bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní èmi ni mò ń bójú tó yàrá tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì. Ó ní ṣé ariwo wà níbẹ̀? Mo ní ó ju ariwo lọ. Ó ní tí mo bá kúrò níbẹ̀ ńkọ́, ta ni mo tún máa ń pariwo mọ́?

Mo fẹ́ sọ pé kò sí. Mo wá rántí aránṣọ. Mo ní, "Ìyá mi."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kí n má sọ̀rọ̀ rárá, kí n má tiẹ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, torí wúyẹ́wúyẹ́ náà ń ni ọ̀fun lára. Ó ní bí mo bá ṣe agídí, ohùn náà lè má padà sí bó ṣe wà. Mo ṣírò ọjọ́ náà níbẹ̀. Bí mo bá dákẹ́ lóòótọ́, ohùn á wà fún ìpàdé. Màá tọ́jú rẹ̀ pamọ́ bí ẹni ń pọn omi de ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìṣẹ́gun, 10

Mo di odi. Níbi iṣẹ́, mo júwe nǹkan títí apá fi ro mí. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ iṣẹ́ di eré.

Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ ń ké, mo kọsẹ̀ lára páànù búrẹ́dì tí ẹnì kan gbé sójú ọ̀nà, mo bá ń ṣàròyé fún ara mi, ètè nìkan, láìsí ohùn: ta ló gbé èyí síbí o? Bàbá Ààrò wà lọ́hùn-ún lápá kejì yàrá, nídìí ààrò tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì láti ìgbà tí èmi kò tíì débẹ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n fi ètè dá mi lóhùn: èmi ni, má bínú.

Ó sì yé mi! Mo gbà á bí ẹni gbọ́ ọ létí.

Lásìkò ìsinmi mo lọ bá wọn, mo fi ojú bi wọ́n. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ yẹn dé la ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu la máa ń wò. Ìwọ nìkan lò ń pariwo níbí, ọmọ mi. A rò pé ó wù ẹ́ ni." Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì ló bú sẹ́rìn-ín. Mo fi búrẹ́dì gbígbóná pa ìtìjú mi rẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò ṣeé gbé mì.

Ọjọ́rú, 11

Ọ̀gá Ilé kò lè ka ẹnu mi. Mo fi ètè sọ fún un pé kó bá mi ra omi, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni." Mo sọ pé iná fẹ́ jó wa mọ́lé, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni." Kì í ṣe pé ọ̀fun mi ló fà á, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe nígbà tí ohùn mi wà.

Láti Ajé n kò dé ọ̀dọ̀ Màmá. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ láìsí igbe? Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló lọ dípò mi. Ó ní wọ́n kàn ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mo lọ. Èrò mi ni pé kí n jókòó tì wọ́n, kí n di ọwọ́ wọn mú, kí n máa bọ̀. Mo gbé àpótí síwájú wọn. Wọ́n ní, "O ti lọ jù." Àṣà ibi iṣẹ́ ló mú mi, mi ò ronú: mo fi ètè sọ pé, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ló pọ̀. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ kì í tán. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ ńkọ́?"

Mo ní ó ti san. Wọ́n ní kí n máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. A sọ ti ọmọ Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó ń kọ ìdánwò, a sọ ti aránṣọ, a sọ ti orúnkún wọn. Ohùn kan kò jáde lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ kan kò bọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rẹ́rìn-ín nìkan dé ibi tí mo ti ń wọ ọkọ̀. Mo ti rí ọgbọ́n tuntun!

Ibi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀ ni nǹkan náà ti wá bá mi. Màmá kò béèrè ohun tó ṣe ohùn mi. Ìyá tó jẹ́ pé bí mo bá sín, á béèrè bóyá mo sun ilẹ̀ tútù. Wọn kò béèrè rárá.

Ọkọ̀ dé, mi ò wọ̀ ọ́. Mo dúró de èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹtì, 13

Mo tètè kúrò níbi iṣẹ́. Mo fi kọ́kọ́rọ́ tèmi ṣílẹ̀kùn Màmá, omi ló pàdé mi. Ó ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ já. Ẹ̀rọ omi ilé ìwẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ń dà bí òjò, ariwo rẹ̀ gba gbogbo ilé. Màmá wà ní yàrá ìgbàlejò, wọ́n kẹ̀yìn sí i, wọ́n ń ká aṣọ, wọ́n ń kọrin díẹ̀díẹ̀.

Mo ti omi pa. Mo dúró sẹ́yìn wọn. Mo gbé ọmọrí ìkòkò méjì, mo gbá wọn pọ̀. Aránṣọ lódìkejì ògiri pariwo pé kí nìyẹn. Màmá gbé aṣọ mìíràn, wọ́n ń ká a.

Mo yí lọ síwájú wọn. Wọ́n fò sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín: "O dẹ́rù bà mí!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ẹsẹ̀ mi tó tutù àti ọmọrí tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rín náà dúró.

Mo fi ètè bi wọ́n, díẹ̀díẹ̀: Màmá, ṣé ẹ máa ń gbọ́ ohùn mi?

Wọ́n wo ẹnu mi títí. Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́."

Mo ní nígbà tí mo ń pariwo ńkọ́? Wọ́n ní, "O máa ń pariwo?" Ó yà wọ́n lẹ́nu lóòótọ́. Wọ́n ní ohùn tí wọ́n ń fi sí mi lẹ́nu nínú ọkàn wọn ni ohùn tí mo ní nígbà tí mo wà lọ́mọge, ohùn tín-ín-rín. Wọ́n ní, "Mo máa ń wò ó pé ọmọ yìí ń la ẹnu tó pọ̀, mo rò pé o fẹ́ kó rọrùn fún mi ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún. Ọ̀fun mi kò gba ìkankan nínú méjèèjì. Mo ní, Irùngbọ̀n ńkọ́? — wọ́n mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni mò ń pè é. Wọ́n mi orí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ? Inú igbó ló ti ń sọ̀rọ̀. Mo kàn máa ń fojú bù ú ni."

A jọ nu omi. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n di apá mi mú. Wọ́n ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Mo mi orí pé mo ti gbọ́. Orí mímì kò nílò ohùn.

Àìkú, 15

Mi ò jáde lónìí. Mo kàn ń rò ó.

Ọ̀nà ọ̀fun mi bàjẹ́ nítorí igbe tí kò dé etí ẹnikẹ́ni àfi etí aránṣọ. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù bà mí. Omi níjẹta. Iná ìdáná lọ́la ńkọ́? Bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn ńkọ́? Èmi ni mò ń jẹ́rìí fún àwọn méjì yòókù pé Màmá ń gbọ́. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n nínú ilé yẹn, ẹ̀rí mi ló jẹ́ kí wọ́n ṣì máa dá gbé.

Bí mo bá sì sọ ọ́, Irùngbọ̀n á gbé ọkọ̀ dé kí n tó délé. Ó ti kun yàrá sílẹ̀. Màmá fẹ́ràn ilé wọn. Wọ́n bẹ̀ mí. Ìyá kì í bẹ ọmọ lásán.

Tí mo bá sọ ọ́, mo ta Màmá. Tí n kò bá sọ ọ́, ó lè jẹ́ èmi ni mo pa wọ́n. Ọ̀gá Ilé wo ojú mi, ó ní ṣé ọ̀fun náà ni. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ po omi iyọ̀ wá fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé mo rán an. Ọlọ́run bù kún un.

Ọjọ́rú, 18

Padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní ó ti ń wálẹ̀. Ó gbà mí láyè ọ̀rọ̀ díẹ̀ lóòjọ́. Ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ ni "ẹ ṣé." Ó dà bí ohùn ẹlòmíràn, àmọ́ ohùn ni. Àwọn tó kù, mo ń tọ́jú wọn de Àbámẹ́ta. Ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n sọ ni mi ò tíì mọ̀.

Ẹtì, 20

Ó tán. Ọmọbìnrin tuntun kan na ọwọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń yí, ó fẹ́ yọ ìyẹ̀fun tó lẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí mi, kò lè rí ẹnu mi. Mo ké "Dúró!" — gbogbo ohun tí mo ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fa ọwọ́ yọ. Ọwọ́ rẹ̀ pé. Bàbá Ààrò wá bá mi, wọ́n kàn fọwọ́ tẹ̀ mí léjìká.

Mi ò kábàámọ̀. Àmọ́ ohùn ti lọ pátápátá, ìpàdé sì di ọ̀la.

Àbámẹ́ta, 21

Kí n kọ ọ́ létòlétò.

Àwa mẹ́rin péré. Màmá lórí àga wọn, Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èmi lórí àga tó wà lódìkejì yàrá nítorí Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ti gba àpótí mi. Irùngbọ̀n dúró. Ó sọ tirẹ̀. Kò sọ ọ́ burúkú, mo gbọ́dọ̀ jẹ́rìí. Ó ní òun kì í lè sùn dáadáa bí òun bá rántí pé wọ́n dá wà. Ó ní gbàrà tí òun dé ni òun ti bi wọ́n bóyá ara wọn le, wọ́n sì fèsì pé kò sí, kó lọ wò ó nílé ìdáná. Màmá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí èèyàn ṣe ń ṣe sí àlejò.

Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ lo máa ń sọ pé wọ́n ń gbọ́. Mi ò bá ọ jà. Kàn wò mí lójú, kí o sọ fún mi báyìí: ṣé Màmá ń gbọ́ràn?"

Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ọ̀fun ń dùn ọ́. Mi orí fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Mi ò lè mi orí síhìn-ín, mi ò lè mì í sọ́hùn-ún. Mo wo Màmá. Wọ́n ń wò mí. Mo fi ètè bi wọ́n láti òdìkejì yàrá, torí pé àwọn ló ni ọ̀rọ̀: ṣé kí n sọ fún wọn?

Màmá sì dáhùn. Ketekete, bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

"Rárá o! Má sọ fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti mọ̀ pé n kì í gbọ́ nǹkan kan mọ́, kò ní sẹ́ni tó máa bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Irùngbọ̀n kò mira. Màmá nìkan ni kò mọ̀ pé ìbéèrè mi kò ní ohùn nínú. Lójú tiwọn, gbogbo wa la jọ ń sọ̀rọ̀ bákan náà. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Wọ́n wò mí, wọ́n wo àwọn yòókù, ojú wa sọ fún wọn.

Wọ́n wá ní, "Ó ti jáde nìyẹn."

Wọ́n ní, "Ẹ rántí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin? Nígbà tí etí rẹ̀ lọ, igun ilé la gbé e jókòó sí. A ó máa wí nípa rẹ̀ lójú rẹ̀: ṣé ó ti jẹun? Ṣé ó ti wẹ̀? Kò sẹ́ni tó bi òun fúnra rẹ̀. Èmi náà wà lára wọn. Mo wá sọ fún ara mi pé, tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀."

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ti ń sunkún. Irùngbọ̀n bi mí pé ṣé mo mọ̀. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé á bínú. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ fún wọn," kò sì parí rẹ̀. Ó jáde. A gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó ń lọ. Àwa ni a gbọ́ ọ.

Àìkú, 22

Mo ti wà lọ́dọ̀ Màmá láti àárọ̀. A kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti pinnu ohun tí mo fẹ́ ṣe: màá máa sùn níbẹ̀ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, èmi àti Ọ̀gá Ilé á wá ọ̀nà sí i, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa kó Màmá kúrò nílé wọn. Ohùn mi ti ń bọ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìwọ̀nba gbólóhùn kan tàbí méjì.

Lẹ́yìn ọ̀sán ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Mo ṣí i, mi ò mọ ọkùnrin náà. Àgbọ̀n rẹ̀ funfun ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, ó dà bíi pé wọ́n yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti fá irùngbọ̀n kúrò, gbogbo rẹ̀. Kò dá mi lóhùn ẹ kú àbọ̀ tí mo kí i. Ó kọjá lọ tààrà, ó jókòó lórí àpótí mi, orúnkún rẹ̀ kan ti Màmá.

Màmá gbé ojú rẹ̀ sí àárín ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n ní, "Ẹnu rẹ rèé!"

Ó kẹ̀yìn sí mi. Kò fi ohùn sọ nǹkan kan. Èjìká rẹ̀ nìkan ni mo ń rí tó ń lọ sókè sódò. Màmá tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n ní, "Rárá, ìyẹn ò dùn mí rí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í rò bẹ́ẹ̀?" Èmi tí etí mi pé méjì, mo wà nínú yàrá kan náà, ìlàjì ọ̀rọ̀ ni mò ń gbọ́. Ojú ń kán mi. Mo fẹ́ dìde lọ wo ẹnu rẹ̀, mo tijú.

Màmá wá ní, "Ó dáa. Màá bá ẹ lọ. Àmọ́ ìdí tábìlì ni kí ẹ fi mí sí, níbi tí mo ti lè rí ẹnu gbogbo yín."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo sáré yí síwájú wọn. Mo ní, Màmá, ẹ ní ẹ ò fẹ́ kúrò nílé yín!

Wọ́n ní, "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí i pé bó ṣe wù ọ́ nìyẹn." Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Bí o bá ti lọ nírọ̀lẹ́, títí wàá fi dé lọ́jọ́ kejì, ògiri ni mò ń wò. Ògiri kò ní ètè, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, èèyàn mẹ́fà ló ń jẹun níbẹ̀."

Ó dùn mí. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí: ó dùn mí ju ọ̀fun lọ. Mo ti fi ohùn mi jà fún ilé tí ẹni tó ni ín ti ṣe tán láti fi sílẹ̀.

Mo sin ẹ̀gbọ́n mi dé ìdí ọkọ̀. Mo wá ohùn díẹ̀ jọ. Mo ní, "Kí lẹ sọ fún wọn gan-an?"

Ó ní, "Mo bi wọ́n bóyá wọ́n á fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi."

Mo ní, "Ṣebí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lẹ ti ń bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn."

Ó ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó yíjú padà, ó kọjú sí mi dáadáa, bíi pé èmi náà kò gbọ́ràn.

"Rárá o," ó ní. "Ìwọ ni mo ti ń bi."